Bí A Ṣe Ń Gba Ínṣọ́ránsì fún Káráfáànù Àtijọ́

Kì í ṣe tírélà akẹ́rù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Káráfáànù ni: ilé kékeré tó ní táyà lábẹ́, tó ní ibùsùn, sítóòfù àti fèrèsé tirẹ̀, tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò bí a bá ń lọ sí ìrìnàjò. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé èyí tó ti dàgbà ni wọ́n ń wá kiri. Clipper tí Airstream gbé jáde lọ́dún 1936 wà lára wọn. Spartan náà wà níbẹ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ní Tulsa ń fi alumíníọ̀mù ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ tún máa rí Shasta tó ní ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àti Boler kékeré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Winnipeg lọ́dún 1968.

Ẹni tó bá ra ọ̀kan, tó fi ọdún méjì tún un ṣe, á rò pé ínṣọ́ránsì ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni pé gbígbà á kò le. Èyí tó le ni kí ìwé tí ẹ gbà mọ iye tí nǹkan yín tó. Aṣojú ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì tí kò mọ káráfáànù àtijọ́ á wo ọdún tí wọ́n ṣe é, á rí 1961, á sì kà á sí àlòkù tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Ẹ ó máa san owó lọ́dọọdún láìmọ nǹkan kan, títí di ọjọ́ tí igi máa wó lù ú. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo tò sí ìsàlẹ̀ yìí ò ju ọ̀kan lọ nídìí: kí ẹ̀yin àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti fẹnu kò nínú ìwé lórí iye káráfáànù yín nígbà tó ṣì wà lódindi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ínṣọ́ránsì mọ́tò tó ń fà á ti bò ó. Ìdajì rẹ̀ lòótọ́. Ní Amẹ́ríkà, bí káráfáànù bá wà lẹ́yìn mọ́tò yín tó sì lọ gbá ọkọ̀ ẹlòmíràn, ínṣọ́ránsì mọ́tò yín ló sábà máa ń san ohun tí ẹ bà jẹ́ fún ẹni yẹn. Káráfáànù fúnra rẹ̀ tó fọ́ ńkọ́? Wọn ò ní dá sí i, àfi bí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú ìwé náà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá sì ti tú u kúrò lẹ́yìn mọ́tò, tó dá dúró ní ibùdó, tí àlejò wá yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ínṣọ́ránsì ilé náà kò ní gbà yín sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, 1,500 dọ́là ni òpin ohun tí wọ́n máa san lórí ohunkóhun tí a ń fà lẹ́yìn mọ́tò tí kì í ṣe ti ọkọ̀ ojú omi. Owó yẹn lè má ra fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ẹ mú ìwé méjèèjì jáde, kí ẹ kà wọ́n kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀ àti ìwé rẹ̀

Láti ọdún 1981 ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ti di èyí tó ní àmì 17 gééré. Èyí tó ti wà ṣáájú ìgbà yẹn kì í gùn tó bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ míì kò sì ní gbà á wọlé. Ẹ má jẹ́ kí aṣojú kankan fi òdo dí àlàfo rẹ̀ kí iṣẹ́ tirẹ̀ lè yá. Bí nọ́ńbà inú ìwé ínṣọ́ránsì bá yàtọ̀ sí ti ara irin, ìjà lẹ ń tọ́jú dè ọjọ́ òfò yẹn.

Ibi tí nọ́ńbà yẹn sábà máa ń wà ni ara irin tó yọ síwájú, èyí tí a fi ń so ó mọ́ mọ́tò, tàbí lórí àwo irin pẹlẹbẹ kan nítòsí ilẹ̀kùn. Bí ọ̀dà bá ti bò ó mọ́lẹ̀, ẹ rọra fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha á, kí ẹ wá fi ṣọ́ọ̀kì funfun pa ojú rẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ á hàn. Ẹ má fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ o. Nọ́ńbà tó bá ti pa rẹ́ kì í padà wá, ìjọba sì lè máa fura sí ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà.

Ní ti ìwé, àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí kì í fún káráfáànù tí kò wúwo ní ìwé olóhun, ìyẹn ìwé ìjọba tó ń fi ẹni tó ni ín hàn. Bí irú èyí bá bá yín, ìwé títà àti rírà tí ẹni tó tà á fún yín fọwọ́ sí ni ẹ máa gbé lọ bá ọ́fíìsì ọkọ̀ ìpínlẹ̀ yín, kí wọ́n sọ ohun tó kù fún yín. Kí orúkọ tó wà lórí ìwé náà jẹ́ orúkọ ẹni tó fẹ́ gba ínṣọ́ránsì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ irú iye tí ìwé náà máa fi ṣe ìṣirò

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Irú kan wà tó jẹ́ iye tó kù lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ á wo iye tí irú rẹ̀ máa ná wọn, wọ́n á yọ ọjọ́ orí àti bó ṣe ti gbó tó kúrò, wọ́n á san èyí tó ṣẹ́ kù. Èyí dára fún ọkọ̀ ọdún mẹ́ta. Fún ọkọ̀ ọgọ́ta ọdún, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣẹ́ kù.

Irú kejì ni iye tí ẹ kọ. Òun ló ń tan ènìyàn jẹ jù lọ. Ẹ ó kọ 22,000 dọ́là sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á gbà á láìjiyàn, wọ́n á sì máa gba owó ọdọọdún lórí 22,000. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àdéhùn, gbólóhùn kan wà tó sọ pé èyí tó bá kéré jù nínú iye tí ẹ kọ àti iye tó kù lórí rẹ̀ lọ́jọ́ òfò ni wọ́n máa san. Nípa bẹ́ẹ̀, iye tí ẹ kọ kàn jẹ́ òrùlé ni. Kò sọ pé owó yín á kan òrùlé náà.

Irú kẹta ni iye àjọfẹnukò. Ẹ̀yin àti ilé-iṣẹ́ náà jọ wo ẹ̀rí, ẹ jọ gbà pé iye rẹ̀ nìyí, wọ́n sì kọ ọ́ sójú ìwé. Bó bá ṣòfò pátápátá, iye yẹn ni wọ́n máa san, láìyọ ọjọ́ orí kankan. Èyí lẹ ń wá.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní 4,000 dọ́là lẹ fi ra Shasta kan, ẹ ná 15,000 lé e lórí, adíyelé tó mọ iṣẹ́ wá kọ 22,000 sílẹ̀. Iná jó o deérú. Lábẹ́ irú kìíní, ẹ lè má rí ju 3,000 gbà. Lábẹ́ irú kejì, ẹ lè gba 3,000 yẹn kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó 22,000 lẹ ti ń san. Lábẹ́ irú kẹta, bí ẹ bá ti gbà pé 500 dọ́là àkọ́kọ́ á ti àpò yín jáde, 21,500 ló máa wọlé.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ bi gbogbo aṣojú tí ẹ bá bá sọ̀rọ̀: “Bó bá jóná pátápátá lọ́la, èló gan-an lẹ máa san fún mi?” Ẹ ní kó fi ímeèlì dáhùn. Èyí tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ohun míì tún kù níbẹ̀. Iye àjọfẹnukò ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá lọ. Bí ó bá jẹ́ apá kan ló fọ́, iye àtúnṣe lẹ máa jọ sọ, àtúnṣe nǹkan àtijọ́ sì wọ́n. Gíláàsì fèrèsé tó tẹ̀ kọrọdọ, tí kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é mọ́, ẹnì kan ni yóò fi ọwọ́ ṣe é. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á san owó ọwọ́ onítọ̀hún, àbí wọ́n á ní kí ẹ lọ fi gíláàsì pẹlẹbẹ dí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kó ẹ̀rí jọ

Fọ́tò ló ṣáájú. Ẹ ya ìta rẹ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ya abẹ́ rẹ̀, òrùlé rẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà ara irin. Bí iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀, ẹ yà á nígbà tí ẹ bá tú ara rẹ̀ sílẹ̀, torí kò sí bí adíyelé ṣe máa rí igi tuntun tí ẹ ti fi alumíníọ̀mù bò.

Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí fún jù, nítorí òógùn ojú kì í ní rìsíìtì. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́, iṣẹ́ tí ẹ ṣe àti wákàtí tó gbà. Adíyelé máa lò ó.

Adíyelé yẹn, ẹ wá ẹni tó mọ káráfáànù àtijọ́ níṣẹ́. Ẹni tó ń díye lé ilé kò lè ràn yín lọ́wọ́. Kó má jẹ́ ẹni tó tà á fún yín, kó má sì jẹ́ ẹni tó máa gba ìdá kan nínú iye tó bá kọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ìpolówó ọjà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún un: irú kan náà, ọdún tó sún mọ́ra, ipò tó jọra.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ tún ohun tó lè pani ṣe

Ilé-iṣẹ́ lè ní kí ẹni kan wá yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ì báà wá, wọn ì báà má wá, ẹ jẹ́ kí onígáàsì dán páìpù wò bóyá ó ń jò, kí oníná yọ wáyà tó ti gbó. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn gáàsì àti èyí tó ń gbọ́ èéfín síbẹ̀, pẹ̀lú agolo panápaná nítòsí ilẹ̀kùn. Ẹ ní kí wọ́n wo bíréèkì, àti èyí tó ń dá káráfáànù dúró fúnra rẹ̀ bó bá já kúrò lẹ́yìn mọ́tò.

Táyà tó ń dán lè ti dàgbà. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ bá ilé-iṣẹ́ sọ òótọ́

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, torí wọ́n ti mọ ìdí tí nǹkan ọdún 1961 fi lè wọ́n ju tuntun lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin tiwọn. Àwọn kan fẹ́ kó máa sùn nínú gáréèjì. Àwọn kan fẹ́ kó jẹ́ ìgbafẹ́ nìkan lẹ fi ń ṣe. Àwọn kan kò fẹ́ èyí tí ẹ ti yí inú rẹ̀ padà kúrò ní bó ṣe wà láti ilé-iṣẹ́.

Bí ẹ bá ń gbé inú rẹ̀ látọdún dé ọdún, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá ń fi í yá àwọn arìnrìn-àjò gbowó, ẹ sọ ọ́; ìwé ìgbafẹ́ kì í sábà san òfò tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ayálò wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ á fi kún owó tí ẹ ń san. Irọ́ ni wọ́n fi ń fagi lé gbogbo ìwé náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbowó yín.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ka ohun tí wọn ò ní san

Ojú ewé yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Igi tó jẹrà, omi tó ń jò díẹ̀díẹ̀, ìpẹtà, eku àti kòkòrò: wọn kì í san wọ́n. Shasta àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ igi lábẹ́ alumíníọ̀mù, omi tó gba orí fèrèsé wọlé lè jẹ ẹ́ fún ọdún márùn-ún kí ojú tó rí i. Kò sí ìwé tó máa gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ògiri yíká lẹ́yìn òjò, kí ẹ di ibi tó bá ń jò.

Ẹ wò ó bóyá ìwé náà bo ẹni tó bá farapa ní ibùdó yín, ẹrù inú káráfáànù, ìbòòrùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti fífà á kúrò lójú títì bó bá bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ Mẹ́síkò gbọ́dọ̀ ra ti ibẹ̀ lọ́tọ̀, torí ìlú náà kì í ka ínṣọ́ránsì Amẹ́ríkà sí bí ẹ bá gbá ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Lẹ́yìn tí ìwé bá ti dé

Ní ọdọọdún, kí ẹ tó san owó tuntun, ẹ wo iye àjọfẹnukò yẹn. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ ilẹ̀ inú rẹ̀ tàbí tí ọjà ti gbówó lórí, ẹ fi fọ́tò tuntun ránṣẹ́ kí wọ́n tún un kọ. Ẹ má tọ́jú ìwé náà sínú káráfáànù.

Bí òfò bá dé, ẹ ya fọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó gbé e kúrò níbẹ̀, kí ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà, kí ẹ má sì jẹ́ kí afọkọ̀ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ irin. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sanwó, ẹ bi wọ́n iye tí wọ́n máa yọ bí ẹ bá fẹ́ mú òkú rẹ̀ padà. Fèrèsé tó kù, ilẹ̀kùn, àwọn mùkọ́ ilẹ̀kùn àti àwo orúkọ tó wà níwájú rẹ̀, ẹlòmíràn tó ń tún irú rẹ̀ ṣe ti ń wá wọn láti ọjọ́ pípẹ́ wá.