Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tó Ṣòfò Kí Àwọn Ọmọ Kíláàsì Mi Tó Mọ Irọ́ Yàtọ̀ sí Òótọ́

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo yà sọ́tọ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún bí wọ́n ṣe lè mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́ lórí ayélujára. Márùn-ún ló gbà mí. Ó ṣì ń dùn mí, torí ìwé ìbéèrè tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ló fà á.

Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń lo irú ìbéèrè márùn-ún yẹn: ṣé kò tíì pẹ́ jù, ṣé ó kan ohun tí ò ń wá, ta ló kọ ọ́, ṣé ó péye, kí nìdí tí wọ́n fi kọ ọ́? Mo fi ìkànnì octopus orí igi dán wọn wò. Ọdún 1998 ni ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní Lyle Zapato gbé e jáde, tó ní octopus kan ń gbé orí igi nínú igbó ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, pé ó sì ti fẹ́ parun. Ẹran inú omi! Àwọn ọmọ tẹ́ ìwé síwájú, wọ́n ń sàmì níkọ̀ọ̀kan. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà ńbẹ̀. Fọ́tò wà ńbẹ̀. Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Yàtọ̀ sí ọmọ mẹ́ta, gbogbo wọn ní òótọ́ ni.

Ohun tó ká mi lára ni pé wọn ò ṣe ọ̀lẹ rárá. Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe gan-an ni wọ́n ṣe. Ilé òpùrọ́ ni ìwé yẹn rán wọn lọ láti wá ẹ̀rí, òpùrọ́ wo ni ò ní tọ́jú ẹ̀rí sílé? Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé, “Ẹ wò ó dáadáa.” Bí wọ́n ṣe ń wò ó dáadáa tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbà á gbọ́ sí i.

Ìgbà tí mo gbé ìwé náà tì ni ojú mi là. Mo ní kí wọ́n kúrò lójú ewé yẹn, kí wọ́n ṣí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa rẹ̀. Ó wà lára ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí Mike Caulfield, ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ orí ayélujára wò, tò jọ lọ́dún 2019. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí ọmọbìnrin kan fi pariwo: “Tíṣà, irọ́ ni! Wọ́n kàn fi ń dán ọmọ ilé-ìwé wò ni!” Orí mi wú.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ kejì tí ohun gbogbo di irọ́. Mo gbé fọ́tò platypus wá, ẹranko Australia tó ní ẹnu bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, tó ń yé ẹyin, tó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Kíláàsì hó: irọ́! Ọmọkùnrin kan fìka tọ́ ibi tí ẹnu náà ti pàdé irun, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìyẹn ò burú. George Shaw, onímọ̀ nípa ẹranko ní England, náà fura bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1799 nígbà tí awọ platypus dé ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó bí mi nínú ni pé kò sẹ́ni tó ṣí ojú ewé kejì. Ọ̀sẹ̀ kan tún lọ síbẹ̀, títí mo fi ṣòfin pé ẹni tó bá máa pe nǹkan ní irọ́ gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti wádìí, bí ẹni tó pè é ní òótọ́.

Ìyókù ò le. Bí mo bá tún máa ṣe é, ọjọ́ kìíní ni màá gbé octopus àti platypus wá pọ̀, mi ò sì ní fún wọn ní ìwé ìbéèrè kankan.

Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, ọmọkùnrin yẹn gbé ìwé rẹ̀ wá síwájú mi. Ó ti kọ ọ́ gàdàgbà: “Platypus: òótọ́. Mo rí i níbi mẹ́ta. Ọdún 1884 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, William Caldwell, fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń yé ẹyin.”