Bí Mo Ṣe Yẹ Owó Onírin Àtijọ́ Wò ní Kàbà

Ní Kàbà àti káàkiri ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ẹni tí ó bá ti ọwọ́ bọ àpò lónìí, owó bébà nìkan ni yóò bá níbẹ̀. Náírà kan àti náírà méjì onírin tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2007 kò rọ́wọ́ mú láàárín àwọn ọlọ́jà. Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ wá owó onírin tí ó níye lórí, tàbí èyí tí ẹ̀rọ rọ ní àrọtì, ìyẹn èyí tí kò rọ dáadáa, ọ̀dọ̀ ìyá tí ó bí bàbá mi ni mo gbà lọ, torí pé wọ́n ní agolo kan tí ó kún fún un.

Mo kí wọn pé, “Ọ̀kún o, Iye,” mo sì ṣàlàyé ohun tí mo bá wá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, “Ṣé kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ wọ́n fún ọ, kí wọ́n lè dán?” Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń ra owó àtijọ́ fẹ́ràn àwọ̀ tí ọjọ́ ti fi sí i lára, wọn a sì já iye owó tí a bá fọ̀ wálẹ̀ gidigidi.

Òòfà tí mo yọ lára rédíò tí ó ti bàjẹ́ ni mo kọ́kọ́ lò. Àwọn owó ọdún 1991 lẹ̀ mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, títí kan náírà kan tí àwòrán Herbert Macaulay wà lára rẹ̀, nítorí pé irin ni inú wọn. Àwọn ti 1973, ọdún tí a fi pọ́n-ùn àti ṣílè sílẹ̀ bọ́ sí náírà àti kọ́bọ̀, kò lẹ̀ rárá. Mo kó àwọn tí ó lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n pọ̀ jù láti gba àkókò mi.

Ti ṣílè kò gùn. Èyí tí wọ́n rọ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1913 títí di 1919 jẹ́ fàdákà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́. Idẹ ni gbogbo tiwa.

Ọ̀dọ̀ kọ́bọ̀ oníhò, ìyẹn pẹ́nì ayé ṣílè, kì í ṣe kọ́bọ̀ ti 1973, ni mo ti pẹ́ jù. Okùn ni Iye fi sín wọn pọ̀, mo sì tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lórí ìkọ̀wé wọn. Mo rí ti 1936 tí orúkọ Ọba Edward Kẹjọ wà lára rẹ̀, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi oyè sílẹ̀ ní Oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pariwo nítorí orúkọ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n rọ púpọ̀ nínú rẹ̀, kò sì ṣọ̀wọ́n rárá. Èyí tí ó dá mi lójú pé ó yàtọ̀ ni ọ̀kan tí ihò rẹ̀ kò sí láàárín: ó sún sí ẹ̀gbẹ́ débi pé ó jẹ díẹ̀ lára adé tí ó wà lókè rẹ̀. Mo fi èékánná yí ihò náà ká, mo sì rí i pé etí rẹ̀ dán lójú méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣó ni ẹnìkan fi lu ú, irin ìbá ti wú jáde níhà kan, irú èyí tí mo rí lára òmíràn tí wọ́n ti sọ di ẹ̀gbà ọmọ.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n ti rà á ni mo wò, kì í ṣe iye tí olówò ń pè, nítorí pé ẹnu kò ní òṣùwọ̀n. Ẹnìkan nínú ọjà fẹ́ fi ìwọ̀n ra gbogbo rẹ̀ bí idẹ àlòkù, Iye sì kọ̀ jálẹ̀. Mo wé kọ́bọ̀ yẹn sínú bébà gbígbẹ, mo kọ ọdún rẹ̀ sí i lára, mo sì sín ìyókù padà sórí okùn wọn.