Àyè Tó, Ọwọ́ Ni Kò Tó: Ìrírí Mi Lórí Old English Sheepdog

Kílípà ló parí ẹ̀. Irun Old English Sheepdog mi, ìran ajá darandaran ńlá onírun gígùn, tí èèyàn ń dúró wò lójú títì, ni ẹni tó ń gẹ irun ajá fá láti ọrùn dé ìdí. Ó bọ́ lódindi bí ẹní tí wọ́n ká nílẹ̀. Ó ní kò sí òòyà tó lè wọ̀ ọ́ mọ́. Owó fífá irun tó ti dì kì í ṣe ẹgbẹ́ owó gígẹ lásán, torí ọ̀pọ̀ wákàtí ló ń gbà. Èyí tó tún ń dùn mí ni pé mi ò kánjú gba ajá yìí sílé. Gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ní kéèyàn bi ara rẹ̀ ni mo bi. Ẹyọ kan ṣoṣo ló bọ́ sọnù.

Èyí tó rọrùn nínú ìpinnu náà kò gba àkókò. Ajá yìí máa ń wúwo tó kílò 27 sí 45, akọ rẹ̀ ga tó sẹ̀ńtímítà 61 ní èjìká, abo tó 56, àmọ́ kò béèrè ààfin. Ibi tí onílé bá jókòó sí ló máa ń sùn sí. Ọgbà tí kò ní ihò ló fẹ́, pẹ̀lú ìrìn wákàtí kan sí méjì lójúmọ́, ní òwúrọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́, nítorí irun ìpele méjì tó wọ̀ kò bá oòrùn ọ̀sán ṣọ̀rẹ́. Ọdún 10 sí 12 ló ń lò, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ibi tí mo ti lè yangàn rèé: mo béèrè X-ray ìbàdí bàbá àti ìyá ọmọ ajá náà, torí egungun itan tí kì í jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ìran yìí. Mo béèrè àyẹ̀wò ojú wọn. Mo tún béèrè àyẹ̀wò jíìnì MDR1. Àbùkù jíìnì yìí wà lára àwọn ìran ajá darandaran mélòó kan, òun ló ń jẹ́ kí oògùn bíi ivermectin ráyè wọ ọpọlọ ajá bó bá pọ̀ jù. Ẹni tó ń ta ọmọ ajá tí kò rí ìwé kankan fà yọ, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ irun. «Irun rẹ̀ kì í já sílẹ̀» ni gbogbo wọn ń sọ, bí ẹni ń ki ajá náà. Òótọ́ díẹ̀ ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ já sí ilẹ̀. Ara ara rẹ̀ ló ń já sí! Irun tòde le, ó gùn. Irun tinú rọ̀ bí òwú. Bí tinú bá kú, tòde kì í jẹ́ kó bọ́, ó máa há síbẹ̀, yóò sì máa lọ́ mọ́ èyí tó wà láàyè. Nígbà tí ajá ṣì kéré, ẹ ò ní mọ̀, torí irun ọmọ ajá gba òòyà wẹ́rẹ́. Láti nǹkan bí oṣù 8 sí 18, tí irun àgbà bá ń ti irun ọmọdé jáde, ohun tí ẹ yà lánàá lè ti ta kókó lónìí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ oṣù wọ̀nyẹn fún mi. Kílò oúnjẹ ni wọ́n ń kà sí mi létí.

Àṣìṣe tèmi ni pé orí irun ni mò ń yà. Búrọ́ọ̀ṣì máa ń yọ̀ lórí irun tòde, ajá á dán, á wú, inú onílé á dùn, ìsàlẹ̀ á sì ti di dàdá. Òòyà irin ni adájọ́: bí kò bá ti awọ ara rìn dé ṣóńṣó irun láìdúró, ẹ ò tíì yà á. Ẹ̀yìn etí, abíyá, abẹ́ ìgbànú ọrùn, inú itan, abẹ́ irùngbọ̀n àti àárín ìka ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dì. Àṣìṣe kejì ló bà á jẹ́ pátápátá: mo wẹ ajá náà kí n tó tú kókó ara rẹ̀. Omi kì í tú irun tó ti lọ́ pọ̀. Ńṣe ló ń fún un, bó bá sì gbẹ tán, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bó ṣe yẹ kó rí kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ onídìrí. Ajá á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ fọ́n omi tí ẹ po kọ̀ńdísọ́nà díẹ̀ mọ́ sí irun náà, torí yíyà gbígbẹ ń já a. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Ẹ la irun náà títí awọ á fi hàn, ẹ fi ọwọ́ òsì di tòkè mú, kí ẹ ya ìlà kan yẹn láti awọ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ gòkè ní sẹ̀ńtímítà méjì, ẹ la òmíràn. Bí ẹ bá bá kókó pàdé, ẹ di ìdí rẹ̀ mú kí awọ má bàa fà, ẹ fi ìka ya á sí méjì, sí mẹ́rin, ṣóńṣó rẹ̀ ni kí òòyà kọ́kọ́ kàn. Ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e ní ìbú o: kókó máa ń fa awọ wọ inú ara rẹ̀, awọ náà lẹ máa gé. Lẹ́yìn ìwẹ̀, dírayà gbọ́dọ̀ gbẹ ẹ́ dé awọ. Irun tinú tó bá ṣì tutù á rùn, á sì di egbò.

Gbogbo èyí jẹ́ wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ẹ pín in sí ìdajì wákàtí lójoojúmọ́, ọwọ́ á gbà á. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Owó yẹn sì ni kí ẹ fi ọdún mẹ́wàá sọ di púpọ̀ kí ẹ tó lọ gbé ọmọ ajá, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìrù náà ní ẹjọ́. Gígé ni wọ́n ń gé e láyé àtijọ́ tí wọ́n fi ń pè é ní Bobtail. Láti 2007 ni òfin ti dí èyí lọ́nà ní England, àfi fún àwọn ajá iṣẹ́ kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ irun ìrù wà nínú ohun tí a óò yà, ìgbẹ́ sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Irùngbọ̀n ńkọ́? Bó bá mumi tán, ilẹ̀ ilé náà á mu. Ní ti ọmọdé, iṣẹ́ dídaran wà lára rẹ̀: á máa yí wọn po, á máa fi èjìká tì wọ́n. Kì í ṣe ìjà, àmọ́ ọmọ ọdún méjì á ṣubú.

Bó bá jẹ́ pé mo tún un ṣe, ilé ẹni tó ní èyí tó ti ju oṣù 18 lọ ni mo máa kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú òòyà irin lọ́wọ́. Màá ní kí n bá a ya ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan péré, dé awọ, màá wo aago. Bí ẹsẹ̀ kan bá gbà mí ní ogún ìṣẹ́jú, mẹ́ta ṣì kù, àti ikùn, ẹ̀yìn, àyà, orí. Briard àti Bearded Collie, ìran ajá darandaran onírun gígùn méjì mìíràn, náà ń bẹ fún irú ìdánwò yìí, irun wọn kò gbọ́n ju tèyí lọ.

Tèmi ti ń hu irun padà. Tinú, èyí tó rọ̀, ló ṣáájú, ó sì ń ta kókó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Sẹ̀ńtímítà mẹ́ta ló wà lára rẹ̀ báyìí, òòyà sì ń wọ̀ ọ́ dé awọ níbi gbogbo, àbíyá pẹ̀lú. Mi ò ní jẹ́ kó kọjá márùn-ún.