Ìrírí mi: bí mo ṣe wá àyè ìkọ́ṣẹ́ lọ́yà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Ohun tí kì í tètè yé àwọn ará ilé ni pé iṣẹ́ tí èèyàn ń wá lónìí, ó lè di ọdún méjì sí i kó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò ńlá ṣe ń ṣe é ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù nìyẹn. Wọ́n á ti mú èèyàn sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì, wọ́n á sanwó SQE fún un, ìyẹn ìdánwò téèyàn ń ṣe kó tó lè di sọ̀lísítọ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá lo ọdún méjì lábẹ́ wọn, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ní ẹ̀ka mẹ́rin, kó tó di sọ̀lísítọ̀. Training contract ni gbogbo wa ń pè é. "Iṣẹ́ yẹn" ni Mọ́mì mi ń pè é. Tí mo bá ti wọlé, "Iṣẹ́ yẹn ńkọ́?" ló máa ń ṣáájú "Ṣé o ti jẹun?"

Ẹnu ọ̀nà tó sún mọ́ jù ni vacation scheme. Èèyàn á lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ní ọ́fíìsì wọn, wọ́n á fún un ní owó díẹ̀, wọ́n á sì máa fi ẹ̀sọ̀ wò ó. Inú àwọn tó wá síbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń mú. Fọ́ọ̀mù máa ń jáde láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án, àkókò láti fi fọ́ọ̀mù ti ìgbà ooru ránṣẹ́ sì sábà máa ń parí ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé bó ṣe ń wọlé ni wọ́n ń kà á. Àyè lè kún kí ọjọ́ tó pé. Àwọn yẹn ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Ilé-iṣẹ́ tí mi ò bá sì ti lè sọ ohun tó ń ṣe ní gbólóhùn méjì, mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Ìbéèrè tó ń já ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀ ni "Kí ló dé tó jẹ́ àwa lo yàn?" Mo ti ka ìdáhùn àwọn ọ̀rẹ́ mi, oríkì ló pọ̀ jù níbẹ̀: ilé-iṣẹ́ ńlá, olókìkí kárí ayé, tó mọyì òṣìṣẹ́. Ẹ yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà kúrò, ẹ fi ti ẹlòmíì sí i, kò sóhun tó máa yí padà. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ló ní kí n mú ẹjọ́ kan ṣoṣo tó jẹ mí lógún, kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀, kí n wá sọ ẹ̀ka tó ń ṣe irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní P&ID àti ìjọba Nàìjíríà ni mo mú. Lọ́dún 2010 ni wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀wé: Nàìjíríà yóò máa fún ilé-iṣẹ́ náà ní gáàsì, ilé-iṣẹ́ náà yóò kọ́ ibi tí wọ́n ti máa fọ gáàsì náà mọ́ sí Calabar. Wọn ò kọ́ nǹkan kan. Síbẹ̀, lọ́dún 2017, ìgbìmọ̀ onílàjà dá owó tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là fún P&ID, èlé sì gbé e kọjá bílíọ̀nù 11. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá 2023 ni Adájọ́ Robin Knowles, ní ilé-ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, sọ pé jìbìtì ni wọ́n fi rí ìdájọ́ yẹn gbà: wọ́n ti fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní rìbá, ìwé àṣírí àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà sì wà lọ́wọ́ wọn bí ẹjọ́ ṣe ń lọ. Ìròyìn lásán ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun tí èmi kọ sí fọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀, àwọn lọ́yà tó jókòó ti àkọsílẹ̀ báǹkì àti íméèlì àtijọ́ títí wọ́n fi rí ibi tí owó ti ń jò. Mo ní irú iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ́.

Ìdánwò Watson Glaser, èyí tí wọ́n fi ń wo bí èèyàn ṣe ń ronú, ò le tó ariwo rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síwájú ẹni nìkan ni kéèyàn gbà. Ohun téèyàn mọ̀ nípa ayé, kó fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò orí fídíò ni wàhálà. Kò sẹ́nì kankan lódìkejì. Ìbéèrè á yọ, wọ́n á fún èèyàn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti ronú, kámẹ́rà á tan, aago á bẹ̀rẹ̀ sí í kà sẹ́yìn. Yàrá tí èmi àti àbúrò mi jọ ń sùn ní Woolwich ni mo ti ṣe é. Páálí Indomie ni mo fi gbé kọ̀ǹpútà sókè kí ojú mi lè ṣe déédéé pẹ̀lú kámẹ́rà. Mọ́mì ń lọ ata nísàlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ata yẹn dúró díẹ̀, mo fẹ́ bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀."

"Ọ̀gá wo? Ṣé wọ́n ń bọ̀ nílé wa ni?"

"Rárá mà, inú kọ̀ǹpútà ni. Wọn ò sí níbẹ̀ báyìí, wọ́n á wò ó tó bá yá."

"Tí wọn ò bá sí níbẹ̀, kí ni ata mi fẹ́ ṣe fún wọn?" Ṣùgbọ́n wọ́n pa ẹ̀rọ náà.

Lẹ́yìn náà ló wá ku ìdúró, òun ló sì le jù fún mi. Èèyàn á wọ ojú ìwé wọn, á rí i pé wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀sẹ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tó yá mo pa ariwo íméèlì lórí fóònù mi, ìrọ̀lẹ́ nìkan ni mò ń wò ó. Ìhìn rere sábà máa ń gba orí fóònù wá. Íméèlì tó bá ti fi ọpẹ́ gígùn bẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀. Ọ̀kan bá mi nídìí ìrẹsì níbi ìsọmọlórúkọ kan. Mo kà á, mo jẹun mi tán.

Ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ nídìí fọ́ọ̀mù kì í sábà gbọ́ ìdí. Ẹni tó bá dé ọ́fíìsì wọn fún àyẹ̀wò, kó béèrè. Ibi kan tí wọn ò ti mú mi, wọ́n ní ìwé tí mo kọ dára, àmọ́ níbi tí a ti jọ jíròrò, mo ń dúró kí gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ tán kí n tó la ẹnu. Nílé tí wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀, báwo ni mi ò ṣe ní dúró? Níbi tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo kọ́kọ́ béèrè iye àkókò tí a ní àti ẹni tó máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìyẹn nìkan tó. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wò.

Obìnrin kan, ọ̀gá ní ẹ̀ka ẹjọ́, ló fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò níbẹ̀. Ó ti ka ohun tí mo kọ. Ó ní, ká ní ẹ̀gbẹ́ Nàìjíríà ni mo wà lọ́dún 2010, kí ni ǹ bá kọ́kọ́ béèrè? Mo ní ibi tí gáàsì náà ti fẹ́ wá, àti ẹni tó ni ín. Ó ní òun ì bá kọ́kọ́ béèrè ẹni tó láṣẹ láti tọwọ́ bọ̀wé. A fà á díẹ̀. Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà, mo kàn gbà pé ìbéèrè méjèèjì yẹ kó wà lójú ewé kan náà.

Bí mo ṣe rí vacation scheme gbà nìyẹn. Nígbà tí ìyẹn parí, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí nínú bọ́ọ̀sì 53, ní Old Kent Road. Training contract ni. Mọ́mì béèrè ọjọ́ tí mo máa bẹ̀rẹ̀, mo sọ ọdún tó jẹ́, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo ní SQE1, apá kìn-ín-ní ìdánwò yẹn, wà láàárín, ìbéèrè 360, àkàkúdórógbó. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì ti ń pe ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí fọ́ọ̀mù mi ṣì wà lọ́dọ̀ wọn pé mo ti yọ orúkọ mi kúrò, kí àyè lè ṣí fún ẹlòmíì. Ọ̀kan nínú wọn, tí kò tíì sọ nǹkan kan fún mi láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé sí wọn, dáhùn kí n tó pa kọ̀ǹpútà.