Bí a ṣe ń fi kóònù dán ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ológeere wò l'Ábẹ́òkúta

Ìdánwò yìí ni pé kẹ́ ẹ fi kóònù, òpó ṣóńṣó tí wọ́n máa ń tò sójú títì, pààlà etí títì fún oníkẹ̀kẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó máa ṣiṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere là ń wí o, kì í ṣe Márúwá. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà bẹ́ẹ̀ sínú lẹ́tà tẹ́ ẹ máa fi gbàyè àti sára pátákó. Bí ará Ẹ̀gbá bá gbọ́ "ọ̀nà kẹ̀kẹ́" lásán, Márúwá ló máa wá sí i lọ́kàn, àwọn onímárúwá á sì rọ́ wọlé.

Ẹ má fi Ìtòkú tàbí Lafẹ́ńwá bẹ̀rẹ̀, ọjà ti gba etí títì níbẹ̀. Títì fífẹ̀ bíi ti agbègbè Òkè-Mọ̀san ló dáa fún àkọ́kọ́, 300 mítà péré, fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilé ìwé ti wọlé. Ẹ wádìí ẹni tó ni títì: ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ tàbí ìbílẹ̀. Òun lẹ máa kọ̀wé sí, kẹ́ ẹ fún TRACE, àjọ tó ń darí ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní ẹ̀dà. Alága ọlọ́kadà àti ti onímárúwá, ẹsẹ̀ lẹ máa fi lọ bá wọn. Lẹ́tà ò tó.

Ẹ fi téèpù wọn títì láti gọ́tà dé gọ́tà. Bó bá jẹ́ mítà 11, ẹ fi 3.25 sílẹ̀ fún ọkọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Yóò ku 2.25 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: 1.75 fún kẹ̀kẹ́, ìdajì mítà fún kóònù àti àlàfo. Bó bá jẹ́ mítà 9 péré, ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ tó ń gun òkè. Ìlú olókùúta nìyí. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ gun òkè kì í yára, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ a sì máa fì sọ́tùn-ún fì sósì, nítorí náà mítà 2 ló yẹ ẹ́. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lè bá ọkọ̀ rìn.

Kóònù onísẹ̀ńtímítà 75 tó ń tàn lálẹ́ lẹ nílò, ọ̀kan ní mítà mẹ́rin-mẹ́rin: nǹkan bí 75 fún ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ra mẹ́wàá lé e, torí wọ́n máa jí i. Ẹ wá ògbólógbòó táyà 20, ẹ kun ún ní funfun, ẹ rọ àpò iyanrìn sínú rẹ̀. Ẹ má da kọnkéré sí i. Bí ọkọ̀ bá kọlù ú, iyanrìn á gbà á, kọnkéré á ba tẹni jẹ́. Ẹfun lẹ máa fi fa ìlà. Ọ̀dà ojú títì kì í ṣe ti ìdánwò.

Oríta ni wàhálà wà. Dẹ́rẹ́bà tó fẹ́ yà sọ́tùn-ún kì í wo ẹ̀yìn, ó sì máa dínà mọ́ oníkẹ̀kẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ kankan páàkì ní mítà mẹ́wàá tó ṣáájú igun, ẹ mú kóònù ibẹ̀ súnmọ́ra ní mítà kan ààbọ̀, kẹ́ ẹ sì to táyà mẹ́ta yí igun náà kí ọkọ̀ lè rọra yà. Níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń wọ ọ̀nà rẹ̀, ẹ gbé táyà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí àyè ku mítà kan. Ẹ má gbé e sí àárín, oníkẹ̀kẹ́ lè kọlù ú lálẹ́. Márúwá ò ní lè kọjá. Ọ̀kadà á kọjá, a kì í purọ́: ohun tó gba kẹ̀kẹ́ ló gba ọ̀kadà. Èèyàn tó wọ ẹ̀wù dídán ló gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ẹ wo irin ìbòrí gọ́tà pẹ̀lú. Bí ihò rẹ̀ bá nà gùn síbi tí kẹ̀kẹ́ ń lọ, táyà tín-ín-rín á rì sínú rẹ̀. Ẹ dá a kọjú sí ìbú, tàbí kẹ́ ẹ fi kóònù yà á sọ́tọ̀.

Ìṣirò eré ọkọ̀ ò le. Ẹ fi ẹfun sàmì mítà 50, kẹ́ ẹ fi aago fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá. Ọkọ̀ tó fi 6 kọjá ń sá 30 kìlómítà ní wákàtí kan. Tó bá jẹ́ 3.6, 50 ni. Ẹ ka ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ní ọjọ́ àti àkókò kan náà, ṣáájú, láàárín àti ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìgbà tẹ́ ẹ kó kóònù nílẹ̀. Ìkà kẹta yẹn lọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ bí eré ọkọ̀ bá tún padà ròkè, òun ló máa fi hàn pé kóònù ló dín in kù, kì í ṣe ọ̀wọ́n epo.