Gọ́ọ̀mù wo ló yẹ rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi tí a fi ike ṣe?

Lọ́dún tó kọjá, èmi àtàwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní sáyẹ́ǹsì ní Kàbà fi ike ẹlẹ́rìndòdò ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń fi omi àti afẹ́fẹ́ fò. Torí pé mò ń kánjú, súpà gúlù ni mo fi lẹ ìyẹ́ mọ́ ara ike náà. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi mú. Àfi bí a ṣe ń fi pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ, tí ibi tí gọ́ọ̀mù kàn bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, tó ń la wẹ́wẹ́ bíi dígí tó sán, ló bá bẹ́ gbàù! Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn ọmọ ti sún sẹ́yìn. Súpà gúlù máa ń sọ ike yìí di ohun tó ń tètè fọ́, mi ò sì mọ̀ nígbà yẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra gọ́ọ̀mù kankan, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ lò sílẹ̀, kí ẹ wá bi ara yín pé, kí ni mo fẹ́ lẹ̀ mọ́ kí ni? Pákó fẹ́lẹ́ la fi ń ṣe ìyẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, iṣẹ́ tí ìyẹ́ ń ṣe nídìí ọfà náà ni wọ́n ń ṣe. Páálí la fi ń ṣe òrùka tó máa gbá ike mú. Ike ẹlẹ́rìndòdò ni kí ẹ lò, torí ike omi mímu fẹ́lẹ́ jù.

Ẹ má lẹ ìyẹ́ mọ́ ara ike ní tààràtà. Tí afẹ́fẹ́ bá wọ inú ike, ó máa ń wú díẹ̀. Gọ́ọ̀mù alápòpọ̀, ìyẹn onítúùbù méjì, máa ń gan bí òkúta, kò lè bá a wú, ló ṣe máa ń ṣí kúrò. Òrùka páálí ni kí ẹ lẹ ìyẹ́ mọ́.

Fún pákó àti páálí, gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Top Bond, ni mo fara mọ́ jù. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba díẹ̀ kun etí ìyẹ́, kí ẹ sì kun ojú ibi tó máa jókòó sí lára páálí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Etí pákó máa ń mu gọ́ọ̀mù bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi, tí ẹ ò bá kọ́kọ́ fún un mu, kò ní ku nǹkan kan tó máa dì í mú. Lẹ́yìn náà, ẹ kun ún lẹ́ẹ̀kejì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kí ẹ dì í mú títí tí kò fi ní yẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ìka fa gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ gba ìdí ìyẹ́ náà lọ́tùn-ún lósì. Mo ti fa ọ̀kan ya wò rí: páálí ló ya, ibi tí mo lẹ̀ kò ṣí.

Ẹ má fi gọ́ọ̀mù ṣòfò o. Gbogbo èyí tó bá pọ̀ nídìí ló ń fa ìdí wúwo, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ìdí rẹ̀ wúwo ju orí lọ á kàn máa ta kìtì lójú ọ̀run ni.

Omi máa ń tú gọ́ọ̀mù funfun, omi ló sì máa tú jáde nídìí rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ fi ọ̀dà elépo kun òrùka àti ìyẹ́ tinú tòde.

Ó wá ku òrùka sí ara ike. Sílíkọ́ọ̀nù, èyí tí àwọn tó ń ṣe fèrèsé onídígí ń fi dí etí dígí, ni kí ẹ lò, torí ó máa ń fà bíi rọ́bà. Ẹ fi sáńdípépà kíkúnná ha inú òrùka nìkan, ẹ má ha ike, ojú ibi tí ẹ bá ha lè di ibi tó máa ti bẹ́. Ẹ fi aṣọ nu ike kó mọ́, ẹ fi sílíkọ́ọ̀nù sí i, ẹ ti òrùka wọlé, kí ẹ fi téèpù dì í yípo. Gọ́ọ̀mù gbígbóná ò dáa níbí, ooru rẹ̀ máa ń sún ike kì.

Ọyẹ́ máa ń jẹ́ kí gọ́ọ̀mù funfun tètè gbẹ, àmọ́ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni sílíkọ́ọ̀nù fi ń gan, ọyẹ́ ò sì bá a lára mu. Nígbà ọyẹ́, bálùwẹ̀ ni mo máa ń gbé tèmi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàkẹ́ẹ̀tì omi, fún ọjọ́ méjì gbáko. Tí òórùn kíkan tó dà bíi fínígà bá ṣì ń jáde lára rẹ̀, kò tíì gan.

Imú rọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ṣóńṣó orí rẹ̀, kò nílò gọ́ọ̀mù, téèpù tó o.

Kí ẹ tó gbé e lọ sí pápá, ẹ bu omi kún inú ike dé ẹnu, ẹ dúró sẹ́yìn ògiri, kí ẹ wá fẹ́ ẹ. Tí ike bá máa là, omi kì í fọ́n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fọ́n. Èmi kì í kọjá 50 PSI lórí gèjì pọ́ńpù. Ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, kí ẹ fi àtàǹpàkò ti òrùka náà síwá sẹ́yìn. Bí kò bá yẹ̀, ó ti ṣe tán.