Orúkọ Mẹ́ta, Oògùn Kan: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Tí Mo Ń Rí Nílé Oògùn

Ẹni tó bá nàka sí pẹpẹ oògùn kí ó tó kí mi, mo ti mọ̀ pé owó fẹ́ ṣòfò. "Ẹ bá mi mú páálí yẹn, àti aláwọ̀ ewé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àti èyí tí àbúrò mi lò lọ́jọ́sí." Èmi ni mò ń tà á, ọ̀dọ̀ mi ni èrè ń bọ̀, ta ló ní kí n máa ráhùn? Síbẹ̀ ó ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta.

1. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi oògùn apakòkòrò wo ọ̀fìnkìn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, bakitéríà ni oògùn yẹn ń pa. Alexander Fleming tó ṣàwárí penicillin, ọ̀kan lára oògùn apakòkòrò yìí, ní 1928 ti kìlọ̀ nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945 pé ẹni tí kò bá lo oògùn náà tó, ó lè sọ kòkòrò ara rẹ̀ di èyí tí oògùn kò ní ràn mọ́. Títí dòní, wọ́n ṣì ń ní kí n gé hóró mẹ́ta fún àwọn.

2. Ẹ̀yìn ń ro yín, ẹ wá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ dìde, ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ tí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí abẹ́ kò bá mọ ìfọwọ́kàn mọ́, tàbí tí ẹ ò lè mú ìtọ̀ dúró, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

3. Oògùn ìrora. Ibí ni mo fẹ́ jókòó sí.

Bọ̀dá kan wá, orí ń fọ́ ọ. Ó ti ra oògùn orífífọ́ níbì kan, ó ra ti ọ̀fìnkìn níbòmíràn, ó tún fẹ́ ra ti ara ríro lọ́wọ́ mi. Mo ní kó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo yí páálí kọ̀ọ̀kan padà, mo ń fi ìka tọ́ ọ: paracetamol, paracetamol, paracetamol. Orúkọ mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta, owó mẹ́ta, oògùn kan ṣoṣo. Ó ní ṣé èmi ni mo fi síbẹ̀ ni.

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò gbọdọ̀ lò ju hóró 8 tó jẹ́ 500 mílígíráàmù lọ láàrin wákàtí 24, ìyẹn gíráàmù 4. Méjì méjì ni, kí wákàtí mẹ́rin ó kéré tán sì wà láàrin wọn. Ẹni tí kò sanra rárá, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu àti ẹni tó ń mutí gan-an, tiwọn lè kéré sí èyí. Kí wọ́n béèrè. Ohun tó burú nínú àlòjù rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èébì lè kàn máa gbé èèyàn, tàbí kó má tilẹ̀ mọ nǹkan kan lára, kí ẹ̀dọ̀ sì ti máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Oògùn tó ń gba ẹ̀dọ̀ là wà nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n láàrin wákàtí 8 lẹ́yìn àlòjù náà ló máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó bá ti lò ó jù, kó má dúró wo bí ara yóò ṣe rí.

Ẹ má sì sọ pé ẹ ti fi paracetamol sílẹ̀, kí ẹ wá da ibuprofen pọ̀ mọ́ diclofenac. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọgbẹ́ inú, àrùn kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni ẹ ń fi owó yín wá.

Àwọn tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń lo oògùn ìrora lójoojúmọ́. Bí èèyàn bá ń lo oògùn orífífọ́ lásán, bíi paracetamol, fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tó sì kọjá oṣù mẹ́ta, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè di ohun tó ń fọ́ orí. Èyí tí wọ́n pò mọ́ codeine, oògùn ìrora tó le, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó. Orí fọ́, ó lo oògùn. Oògùn kúrò lára, orí tún fọ́. Ó wá ní kí n fún òun ní èyí tó le jù. Mo ṣàlàyé, ó ní mi ò fẹ́ tajà. Tí ẹ bá jáwọ́, orí yóò kọ́kọ́ fọ́ sí i fún ọjọ́ mélòó kan kó tó rọlẹ̀. Tí codeine bá wà níbẹ̀, dókítà ni kó bá yín yọ ọ́. Àmọ́ orífífọ́ tó dé lójijì, tó le ju gbogbo èyí tí ẹ ti ní rí, tàbí tó bá apá rírọ, ẹnu wíwọ́, tàbí ibà àti ọrùn gígan rìn, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi rárá. Ilé ìwòsàn ni.

Ẹ máa ka ìwé pélébé inú páálí. Ìyàwó mi ní mo máa ń kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà ìfẹ́, pé ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fẹ́ jókòó tì mí níbi àríyá. Irọ́ kọ́.

4. Ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ẹ dá oògùn dúró. Oògùn ló mú un wálẹ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bá fóònù jà bí mo ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ dákẹ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ti oorun ńkọ́? Oògùn oorun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Tí mo bá bi wọ́n, wọ́n mu kọfí ní ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ó máa ń gba nǹkan bí wákàtí márùn-ún kí ìdajì káfíínì tó kúrò lára. Ọtí kọ́ ni ìdáhùn. Ó ń mú oorun yá, lẹ́yìn náà ó ń já a láàárín òru. Tí oorun kò bá wá, ẹ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì máa jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, títí kan òpin ọ̀sẹ̀.

Àwọn mìíràn ń san owó àyẹ̀wò káàkiri: àyà ń lù kìkì, inú ń dàrú, ara kò ní okun, gbogbo èsì sì mọ́. Lóòótọ́, àyà dídùn ẹ̀ẹ̀kíní, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Ṣùgbọ́n tí dókítà bá ti wò yín tán, tó ní ìpayà òjijì ni, èyí tó sábà máa ń dé góńgó láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó rọlẹ̀, ẹ má tún lọ ṣe àyẹ̀wò kan náà níbòmíràn. Ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni kí ẹ fi owó náà rí.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, tí nǹkan kan kò wu èèyàn mọ́, ẹ yé pè é ní ọ̀lẹ. Tí èrò àtipa ara ẹni bá ti wọ̀ ọ́, kí ó sọ fún ẹnì kan lónìí, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Ní ti oògùn rẹ̀, ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn kan ń dá a padà fún mi lọ́jọ́ karùn-ún pé ayédèrú ni. Àwọn tí ara wọn ti yá ni kì í fẹ́ gbọ́: wọ́n á dá a dúró lọ́jọ́ kan, òòyì á kọ́ wọn, oorun á dàrú. Dókítà tó kọ ọ́ ni yóò bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ pè é nígbà tí hóró ṣì kù nínú páálí.